HP, Dell, Lenovo àbí MacBook: kí ló fà á tí ìjà orúkọ kọ̀ǹpútà kì í fi í tán l'Ákùúrẹ́?

Ọmọ_Alágbàká

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá dúró ní North Gate tàbí South Gate FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, tó béèrè pé láptọ́ọ̀pù wo ni kí òun rà, kò ní í pẹ́ tí àríyànjiyàn á fi bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á ní HP ni, ẹlòmíì á ní HP ń gbóná jù, ẹ̀kẹta á ní ẹni tí kò bá ra ThinkPad fi owó ṣòfò ni. Oní-MacBook á ní kí gbogbo wọn lọ jókòó. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ náà á di ìbínú gidi láàárín ọ̀rẹ́.

Mo fẹ́ kí a tú u palẹ̀ níbí. Ṣé ìyàtọ̀ àárín àwọn ẹ̀rọ yìí ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí nǹkan míì ló wà nídìí ìjà náà? Ẹ̀yin tí ẹ mọ inú ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí i, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò.

Atúnrọṣe

Ohun tó kọ́kọ́ ń dá ìjà yẹn sílẹ̀ ni pé àwọn tó ń jà kì í sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. HP kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe HP Stream àti HP 15 fún ẹni tó ń wá olówó pọ́ọ́kú, ó sì ń ṣe EliteBook àti ZBook fún àwọn ọ́fíìsì ńláńlá. Dell ní Inspiron, ó tún ní Latitude. Lenovo ní IdeaPad, ó tún ní ThinkPad. Bí ẹnì kan bá ní HP kò dáa, tí ẹnì kejì ní irin ni HP, ẹ ní kí wọ́n gbé tiwọn jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, HP 15 ni ti ẹni àkọ́kọ́, EliteBook 840 ni ti ẹnì kejì. Òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ híǹjì. Nínú láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú, skúrúù tó di híǹjì mú máa ń wọ inú òrùka idẹ kékeré kan tí wọ́n rì sínú ike. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, híǹjì á máa le sí i, agbára tí a fi ń ṣí ìdérí á máa fa òrùka idẹ yẹn, títí yóò fi ya kúrò nínú ike. Lẹ́yìn náà ni etí sírínì á là. Inspiron ń ṣe bẹ́ẹ̀, IdeaPad ń ṣe bẹ́ẹ̀, HP 15 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Latitude, EliteBook àti ThinkPad, irin ni wọ́n sábà máa ń de híǹjì mọ́. Ẹni tí híǹjì rẹ̀ bá ti ń le, kí ó máa di àárín ìdérí mú tó bá ń ṣí i, kì í ṣe igun, kí ó sì tètè gbé e lọ kí wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì híǹjì náà díẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni kí ike tó ya. Tó bá ti ya, ike náà lódindi ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀.

Nǹkan míì ni pé àwọn orúkọ tí a ń torí wọn jà kọ́ ló ń fi ọwọ́ ara wọn kan gbogbo ẹ̀rọ wọn. Quanta, Compal, Wistron àti Inventec, ilé-iṣẹ́ Taiwan ni wọ́n, àwọn ló ń bá HP, Dell, Lenovo àti Apple ṣe èyí tó pọ̀. Ẹ tú ìdí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù: tí ẹ bá rí LA- tí nọ́ńbà tẹ̀lé e, Compal nìyẹn, tí ẹ bá rí DA0, Quanta ni. Ẹ lè bá LA- nínú Dell, kí ẹ tún bá a nínú Lenovo. Sírínì lè jẹ́ ti LG, AUO, BOE tàbí Innolux. RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) àti SSD (ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí) lè jẹ́ ti Samsung, SK hynix tàbí Micron. Orúkọ tó wà lẹ́yìn ìdérí kò sọ èyí tó wà nínú.

Ní oṣù keje ọdún 2008, NVIDIA sọ ní gbangba pé ohun tí wọ́n fi di àwọn chip àwòrán kan fún láptọ́ọ̀pù kò lágbára tó, wọ́n sì ya owó tó wà láàárín 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. HP dv6000 àti dv9000 kú, Dell XPS M1330 kú, MacBook Pro ìgbà náà kú. Àìsàn kan náà ló pa gbogbo wọn. Síbẹ̀ oní-HP ní HP ni kò dáa, oní-Dell ní Dell ni. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ nípa HP gbígbóná, àtìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_SouthGate

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn 2008 nìkan. HP tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà báyìí náà ń gbóná, fáànù á máa pariwo. Tí inú wọn bá jọra, kí ló ń mú un gbóná?

Atúnrọṣe

Àbúrò, ọjọ́ orí ló ń mú un gbóná. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún ní ọ́fíìsì òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Thermal paste (ohun rírọ̀ bí ọṣẹ ìfọyín) tó wà láàárín chip àti irin tó ń gbé ooru kúrò ti gbẹ, eruku sì ti di ihò tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà. Ẹ wá gbé e lé orí ibùsùn, ìdí rẹ̀ ló sì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ní ọyẹ́, eruku tún pọ̀ sí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Pa ẹ̀rọ pátápátá, yọ ṣájà. Tú ìdí rẹ̀, kí o sì kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wọ́n tẹ nọ́ńbà 1, 2, 3, 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn skúrúù irin tó ń gbé ooru. Dẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, má tú ọ̀kan tán kí o tó kan èkejì. Fi aṣọ tí kì í tú fọ́nrán àti isopropyl alcohol tó tó 90% nu paste àtijọ́ kúrò lára chip àti lára irin. Fi tuntun tó tó hóró ìrẹsì kan sí àárín chip. Tó bá pọ̀ jù yóò ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá kéré jù igun kan chip yóò máa gbóná. Dá irin náà padà, kí o sì máa fún skúrúù ní 1, 2, 3, 4 bó ṣe wà. Tí o bá ń fẹ́ eruku dànù, fi ìka di fáànù mú kí ó má baà yí, torí yíyí àyíjù ń ba bẹ́ẹ̀rìn rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn náà, fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní HWiNFO wo ìgbóná rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú chip Intel láptọ́ọ̀pù máa ń dín iyára ara rẹ̀ kù tó bá ti sún mọ́ 100°C. Tó bá ń fo sí 95 nígbà tí ìwé lásán lo ń kọ, iṣẹ́ náà kò tíì tán. Ṣe èyí fún Dell, HP àti Lenovo tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, wàá rí i pé ariwo náà rọlẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Olùkọ́_Oǹdó

Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ènìyàn wá síbi ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń jà.

Ní ọdún 1956, onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Amẹ́ríkà, Jack Brehm, ní kí àwọn obìnrin kan díwọ̀n oríṣiríṣi ohun èlò ilé, kí wọ́n sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wù wọ́n tó. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì láti mú lọ. Nígbà tí wọ́n tún wọn díwọ̀n, èyí tí wọ́n mú ti gòkè lójú wọn, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ti wálẹ̀. Ohun èlò náà kò sì yí padà rárá. Ó tún hàn pé bí ohun méjèèjì bá ṣe sún mọ́ra tó nígbà tí èèyàn ń yàn án ni ìyípadà ojú náà ṣe máa ń pọ̀ tó.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ wa. Latitude 7490 àti EliteBook 840 G5 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rọ kan náà nínú agbára. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń gbóná jù. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹlòmíì jà lórí bóyá láptọ́ọ̀pù sàn ju ẹ̀rọ ìṣírò ọwọ́ lọ.

Ọ̀nà tí owó náà gbà wá tún ń dá kún un. Níbí, láptọ́ọ̀pù kì í ṣe owó ẹnì kan lọ́pọ̀ ìgbà. Owó àjọ ìyá lè wà níbẹ̀, owó alájẹṣẹ́kù bàbá lè wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó lè ti fi díẹ̀ kún un. Bí ẹnì kan bá ní "ẹ̀rọ tí o rà yìí, wọ́n gbá ẹ ni," kò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti ní àwọn tó dá owó jọ kò gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó jẹ́ oníwà tútù yóò fi gbaná jẹ lórí orúkọ Dell.

Ohun kan tún wà tí a kì í kíyè sí: ìka ọwọ́. Lórí ThinkPad púpọ̀, Fn ló wà ní igun òsì nísàlẹ̀, níbi tí HP àti Dell fi Ctrl sí. Lórí Mac, Command ni a fi ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lórí èkejì á dà bí ìyà fún un, yóò sì sọ pé ẹ̀rọ náà kò dáa. Ẹ̀rọ náà ò ṣe nǹkan kan, ìka ni kò tíì mọ ọ̀nà.

Ayàwòrán_Ìjàpọ̀

Mo gba ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má fi MacBook ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí Apple ti gbé M1 jáde, chip tiwọn fúnra wọn ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe Intel mọ́. MacBook Air M1 kò ní fáànù rárá, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́ gan-an. Fún ẹni tó ń ṣe àwòrán àti fídíò, tí iná kì í fi í dúró, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Kí n má sì fi ibi tó ti ń dunni pamọ́. RAM àti SSD M1 wà lára bọ́ọ̀dù, a kò lè fi kún un láéláé. Ẹni tó ra 8GB, 8GB ni yóò lò títí. Kíbọọ̀dù tí wọ́n ń pè ní butterfly, tó wà lórí MacBook láti 2015 sí 2019, eruku díẹ̀ báyìí ló ń mú kí lẹ́tà kan tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ó má tẹ̀ rárá. Apple fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2018. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ ọdún wọ̀nyẹn, kí ó tẹ gbogbo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kí owó tó jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́_SouthGate

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ti iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wa ńkọ́? ArcGIS Pro, SolidWorks àti Revit, àwọn ètò tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, ẹ̀rọ àti ilé, Windows nìkan ni wọ́n wà fún. Mac oní-M1 kò sì gba Boot Camp tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí Mac. Ọmọ Surveying tàbí Mechanical tó bá gbé Mac wá yóò máa yá láptọ́ọ̀pù ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni.

Ayàwòrán_Ìjàpọ̀

Òótọ́ ni. AutoCAD wà fún Mac, àwọn mẹ́ta tí o dárúkọ yẹn kò sí. Iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ fi ṣe ni kó kọ́kọ́ mọ̀, orúkọ á tẹ̀lé e. Àárín ẹni tó ń ya àwòrán àti ẹni tó ń wọn ilẹ̀, kò yẹ kí ìjà wà, torí iṣẹ́ wọn kò jọra.

Ọlọ́jà_Adésídà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò yẹ kí oníṣòwò máa sọ. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn oníbàárà ń gbọ́ nípa orúkọ, ẹnu wa ló ti ń jáde. Bí EliteBook ló bá kún inú àpótí tó dé, EliteBook la ó máa yìn títí dìgbà tí Latitude á dé. Nítorí náà, ẹ yé fi orúkọ ra ọjà, ẹ fi nọ́ńbà chip rà á.

Ẹ wo i7-7500U àti i5-8250U. Ẹni tó bá rí i7 á rò pé ó ju i5 lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì yẹn, 7 tàbí 8, ni ìran chip. i7-7500U, ìran keje, core (apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú chip) 2 ló ní. i5-8250U, ìran kẹjọ, core 4 ló ní. Níbi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, i5 yẹn ni yóò ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìjà "Dell mi yára ju HP rẹ lọ" kò ju èyí lọ: ìran kẹjọ ń bá ìran kẹfà sáré.

Nípa Windows 11 ńkọ́? Microsoft ti dá ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ, àti Intel ìran kẹjọ sókè, àyàfi díẹ̀. EliteBook 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, G4 ìran keje. G5, Latitude 7490 àti ThinkPad T480 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ ìran keje. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ R, kí ẹ kọ msinfo32, kí ẹ ka orúkọ Processor fúnra yín.

Ọmọ_Alágbàká

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́jà. Ẹ̀gbọ́n Atúnrọṣe, tí mo bá ti mọ nọ́ńbà chip, kí ló tún kù kí n tó sanwó?

Atúnrọṣe

Kọ́kọ́ wọ BIOS, ibi ètò ẹ̀rọ tó ń ṣí ṣáájú Windows. Pa ẹ̀rọ, tan án, kí o máa tẹ F10 lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí ThinkPad. Tó bá béèrè password, má rà á. Lórí àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì wọ̀nyí, yíyọ bátìrì kékeré inú bọ́ọ̀dù kò ní í pa password náà rẹ́, inú chip kan ló wà.

Ẹ má gbàgbé títì ilé-iṣẹ́. Ní kí wọ́n ṣe Reset fún Windows níwájú rẹ, kí o sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ nígbà tó bá ń béèrè orílẹ̀-èdè. Tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan bá jáde tó ní kí o fi email wọn wọlé, ilé-iṣẹ́ náà kò tíì yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lórí ìwé wọn. Wọn á ní àwọn lè fi Windows míì sí i, ṣùgbọ́n títì náà máa ń padà wá lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá tún un fi sí. Ti Mac, ní kí wọ́n fi Erase All Content and Settings nù ún; tí Activation Lock (títì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀) tàbí Remote Management (títì ilé-iṣẹ́) bá jáde, fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Bátìrì: ṣí Command Prompt, kọ powercfg /batteryreport, yóò sọ ibi tó fi ìwé náà sí. Fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Bí àpẹẹrẹ, tí èkejì bá jẹ́ 50,000 mWh, tí àkọ́kọ́ jẹ́ 25,000, ìdajì ti lọ. Yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Tẹ ọwọ́ sí touchpad pẹ̀lú. Tó bá ti wú sókè tàbí tí kò tẹ̀ mọ́, bátìrì ló wú lábẹ́ rẹ̀. Má gún un, má tẹ̀ ẹ́ padà.

Ti SSD, CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ìlera rẹ̀ ṣe rí, ni kí o lò. Ti sírínì, ṣí ojú ewé funfun, kí o sì wo àmì dúdú àti ìlà.

Dell wá ní ti ṣájà, ibẹ̀ sì ni orúkọ ti ní ìtumọ̀ gidi. Pínì tín-ín-rín kan wà láàárín ẹnu ṣájà Dell àtijọ́ tó ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́. Tí pínì yẹn bá ṣẹ́, tàbí tí ṣájà náà jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ á tan, ṣùgbọ́n bátìrì kò ní í gba iná, iyára á sì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Àwọn èèyàn á ní "Dell ti bàjẹ́", ṣájà ni wọn kò ì tíì pààrọ̀.

Màmá_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ń lọ sí yunifásítì olùkọ́ni tó wà l'Óǹdó. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní HP nìkan ni kí a rà, pé òun kò ní í dá owó tí a bá ra òmíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lenovo. Mi ò fẹ́ ìjà nínú ilé.

Olùkọ́_Oǹdó

Ẹ kú ìnáwó, mà. Iṣẹ́ tí yóò fi ṣe, kíkọ ìwé, àwòrán orí PowerPoint, ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìṣirò díẹ̀ ni. Èyíkéyìí nínú HP, Dell àti Lenovo ló lè ṣe é. Ẹ fi HP tẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa kó mọ̀ pé EliteBook ni ẹ ń wá, pé HP olówó pọ́ọ́kú kọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ThinkPad ni bátìrì rẹ̀ dáa jù lọ́jọ́ tí ẹ dé ọjà, ẹ ní kó wá wo ìwé bátìrì náà fúnra rẹ̀. Àgbà tí wọ́n bá fi nọ́ńbà hàn níwájú rẹ̀ kò ní í gbà pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ òun ṣeré.

Atúnrọṣe

Màmá, ẹ wá 840 G5, Latitude 7490 tàbí T480 tó jẹ́ ìran kẹjọ, RAM 8GB, SSD 256GB. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ààyè RAM méjì, nítorí náà tí owó bá tún wọlé, ẹ lè sọ ọ́ di 16GB. Ẹ má gba T480s dípò T480 láì béèrè, torí díẹ̀ lára RAM tirẹ̀ wà lára bọ́ọ̀dù, ààyè kan ló kù.

Tó bá jẹ́ T480, ẹ ní kí wọ́n fi firmware Thunderbolt tuntun (ètò inú tó ń darí ihò USB-C) láti ọ̀dọ̀ Lenovo sí i kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èyí àtijọ́ ní àṣìṣe kan tó lè pa ihò USB-C, ihò yẹn náà sì ni T480 fi ń gba iná.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba iná láti ihò USB-C, nítorí náà ṣájà kan lè sìn wọ́n nínú ilé kan náà, yálà HP ni ẹ rà tàbí Lenovo. Ẹ ka ara ṣájà náà kí ẹ tó gbà á: níbi tí wọ́n kọ Output sí, ó gbọ́dọ̀ ní 20V 3.25A, tí í ṣe 65W. Ṣájà fóònù tó dúró sí 9V kò ní í gbé e.